Bébà tí kì í tètè gbó: Bí ìlú Fabriano ṣe fi àkísà, omi àti sùúrù dá òwò bébà iṣẹ́ ọnà sílẹ̀

Bí ènìyàn bá gbàgbé ìwé ìròyìn sí ojú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, yóò rí i pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń pọ́n bí ewé gbígbẹ. Bí ó bá fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, bébà náà yóò máa rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ní àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè Ítálì, ìwé àdéhùn àti ìwé ìṣirò owó wà níbẹ̀ tí wọ́n ti kọ láti ọ̀rúndún kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, tí bébà wọn ṣì lágbára, tí ènìyàn sì lè fi ọwọ́ ṣí wọn láìjẹ́ pé wọ́n ya. Bébà ni ti àkọ́kọ́, bébà náà ni ti ìkejì. Ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe wọ́n ni kò dọ́gba.

Orí ìyàtọ̀ yìí ni òwò ṣíṣe bébà fún iṣẹ́ ọnà dúró lé. Àwọn oníbàárà òwò náà ni àwọn ayàwòrán, àwọn tí ń tẹ àwòrán láti ara igi àti irin, àwọn tí ń ya fọ́tò fún àfihàn, àti àwọn tí ń tún ìwé àtijọ́ tó ti bàjẹ́ ṣe. Ohun tí gbogbo wọn ń rà kì í ṣe ibi funfun lásán tí ènìyàn lè kọ nǹkan sí. Ìdánilójú ni wọ́n ń rà, pé iṣẹ́ tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà ṣe kò ní bàjẹ́ nítorí ohun tí wọ́n ṣe é lé lórí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwò yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, àti ohun tí ó mú kí ó dúró di òní, ìlú Fabriano ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò.

Láti Ṣáínà dé àárín òkè Ítálì

Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe bébà. Ọdún 105 lẹ́yìn ikú Olúwa wa ni ìtàn ilẹ̀ wọn sọ pé Cai Lun, tí ó jẹ́ ìjòyè ní ààfin ọba, gbé bébà tí wọ́n fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n ẹja gbígbó ṣe síwájú ọba. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìmọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá. Ó gba Samarkand àti Baghdad kọjá, ó gba àríwá Áfíríkà, ó dé Sípéènì, kí ó tó dé Ítálì.

Fabriano jẹ́ ìlú kékeré kan ní ẹkùn Marche, láàárín àwọn òkè Apennine. Odò Giano ni ó ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ọdún 1264 ni àwọn ará ìlú náà ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bébà wọn. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá bébà sílẹ̀, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti ń ṣe, wọ́n wo ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó, wọ́n sì tún un ṣe. Ohun mẹ́ta pàtàkì ni wọ́n mú wọ inú iṣẹ́ náà, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú òwò bébà iṣẹ́ ọnà títí di òní.

Òòlù, gọ́ọ̀mù awọ àti àmì

Èkínní ni òòlù. Kí àkísà tó lè di bébà, wọ́n ní láti gún un títí tí òwú inú rẹ̀ yóò fi tú palẹ̀ nínú omi, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì rí bí ògì tí kò tíì dì. Ọwọ́ ènìyàn tàbí agbára ẹran ni àwọn tí ó ṣáájú fi ń gún un. Àwọn ará Fabriano gbé kẹ̀kẹ́ ńlá sí ojú odò, wọ́n sì so ọ̀wọ́ òòlù onígi mọ́ ọn. Bí omi bá ti ń yí kẹ̀kẹ́, òòlù á máa gbéra, á sì máa já sínú ọpọ́n òkúta. Àwọn òòlù àkọ́kọ́ ní ìṣó tí ń ya àkísà, èyí tó tẹ̀ lé e ní ìṣó tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀, òòlù ìkẹyìn kò sì ní ìṣó rárá, nítorí pé kíkúnná nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ wá di iṣẹ́ tí odò ń ṣe tọ̀sán-tòru.

Èkejì ni gọ́ọ̀mù awọ. Bébà tí wọn kò fi nǹkan kan pa lára máa ń fa omi mu bí òwú lásán. Bí ènìyàn bá fi tàdáwà kọ nǹkan sí i, yóò tàn ká. Sítáàṣì, irú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú kí aṣọ le, ni àwọn Lárúbáwá fi ń pa bébà wọn lára. Èyí dára ní ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rinrin ilẹ̀ Yúróòpù, bébà onísítáàṣì máa ń bu bí búrẹ́dì, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́. Àwọn tí ń ṣe awọ wà ní àdúgbò Fabriano. Àjákù awọ tí àwọn wọ̀nyí ń dà nù ni àwọn oníbébà kó, tí wọ́n sè nínú omi títí tí ó fi di gọ́ọ̀mù. Ẹni tí ó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí, tí ó sì rí bí omi rẹ̀ ṣe ń dì nígbà tí ó bá tutù, ti mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n á rẹ bébà gbígbẹ sínú gọ́ọ̀mù yìí, wọ́n á sì tún sá a. Tàdáwà kò tàn ká mọ́, kòkòrò kò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àmì inú bébà. Wọ́n á tẹ wáyà tín-ín-rín sí ìrísí òdòdó, ẹyẹ, àgbélébùú tàbí lẹ́tà, wọ́n á sì rán an mọ́ ara asẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́n bébà. Ibi tí wáyà náà wà, òwú kò ní pọ̀ tó ti ibòmíràn. Bí ènìyàn bá gbé bébà náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò rí àmì náà kedere. Ítálì ni àmì yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá. Àmì náà ń sọ ẹni tí ó ṣe bébà, kò sì sí bí ayédèrú oníṣòwò ṣe lè pa á rẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, Bartolo da Sassoferrato, ọ̀kan nínú àwọn àgbà amòfin ayé ìgbà náà, mẹ́nu kan àwọn oníbébà Fabriano àti àmì wọn nínú ìwé tí ó kọ lórí àmì àti àsíá. Òfin tí ó ń dáàbò bo àmì ọjà lónìí kò ṣàjèjì sí irú èrò bẹ́ẹ̀.

Àṣírí tí wọn kò fẹ́ kí ó jáde

Kò pẹ́ tí bébà Fabriano fi di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri Yúróòpù. Ibi tí owó bá wà, ìjà kì í jìnnà síbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ìlú náà ṣe òfin tí ó ka kíkọ́ ilé iṣẹ́ bébà ní agbègbè tó yí wọn ká léèwọ̀, tí ó sì ka sísọ àṣírí iṣẹ́ náà fún àjèjì léèwọ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣeé tì mọ́lé. Àwọn oníṣẹ́ ń ṣí lọ, àwọn ìlú mìíràn ń tàn wọ́n lọ sọ́dọ̀, ìmọ̀ náà sì tàn ká. Ìlú Arches ní orílẹ̀-èdè Faransé, létí odò Moselle, ní ilé iṣẹ́ bébà tí ó ń ka ọdún 1492 sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Jámánì, ilé iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hahnemühle lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1584 ní Relliehausen. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, James Whatman ti Maidstone ṣe bébà tí ojú rẹ̀ dán, tí kò ní ilà wáyà lára, ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ láàárín àwọn ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì tí ń lo ọ̀dà olómi.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún kejìdínlógún, iṣẹ́ bébà Fabriano ti dínkù púpọ̀. Pietro Miliani ni ó gbé e dìde. Ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1782, àwọn ẹbí rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Lára àwọn oníbàárà rẹ̀ ni Giambattista Bodoni ti ìlú Parma, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé, tí kì í gba bébà tí kò dára. Ọ̀nà tí Miliani gbà ni èyí tí àwọn oníbébà iṣẹ́ ọnà ṣì ń gbà: kò gbìyànjú láti tà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó mọ ohun rere, tí ó sì ṣe tán láti san owó rẹ̀, ni ó wá lọ.

Nígbà tí àkísà di ohun ọ̀wọ́n

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àkísà ni gbogbo bébà Yúróòpù. Bí ìtẹ̀wé ti ń pọ̀ sí i, àkísà kò tó mọ́. Àwọn tí ń ṣa àkísà kiri ń jìjàdù, àwọn ìjọba kan sì ṣòfin pé wọn kò gbọdọ̀ kó o jáde kúrò nílùú. Ní ọdún 1799, Nicolas-Louis Robert, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ tí ń ṣe bébà gígùn láìdúró. Ẹ̀rọ yìí tún dá kún ebi àkísà náà. Ní àwọn ọdún 1840, Friedrich Gottlob Keller ní Jámánì rí ọ̀nà láti lọ igi kúnná, kí wọ́n sì fi í ṣe bébà. Igi kò wọ́n. Bébà wá di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà, ìwé ìròyìn àti ìwé kíkà sì dé ilé olówó àti tálákà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èyí kì í ṣe ìlọsíwájú.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ayé. Nínú igi ni èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní lignin. Òun ni ó ń so okùn igi pọ̀ tí igi fi ń le. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án nínú bébà, á máa pọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, láti ọdún 1807 tí Moritz Illig ti tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà tuntun, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi gọ́ọ̀mù awọ sílẹ̀, wọ́n sì ń lo oje igi pẹ̀lú álọ́ọ̀mù. Èyí yá, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fi ásíìdì sínú bébà. Ásíìdì yìí á máa gé okùn inú bébà wẹ́wẹ́ láti ọdún dé ọdún, títí tí ojú ìwé yóò fi máa kán bí ìpékeré. Ìdí nìyí tí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1900 fi lè gbó ju èyí tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1500 lọ.

Òwú kò ní lignin. Cellulose, tí í ṣe egungun ewéko, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ara rẹ̀, okùn rẹ̀ sì gùn, ó sì yi. Nígbà tí bébà igi gba ọjà lọ́wọ́ bébà àkísà, àwọn ilé iṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n dúró ti òwú rí i pé ọjà wọn ti kéré, ṣùgbọ́n kò kú. Ayàwòrán kò lè lo bébà tí yóò pọ́n. Ìjọba kò lè fi bébà tí ń kán ṣe owó. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni Fabriano dì mú. Yàtọ̀ sí bébà ayàwòrán, ìlú náà di ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe bébà owó, láti owó lírà Ítálì àtijọ́ títí dé owó yúrò. Ìmọ̀ àmì inú bébà, tí wọ́n fi ń dá oníṣòwò mọ̀ ní ayé àtijọ́, ni wọ́n wá fi ń dá ayédèrú owó mọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí

Àkísà kò sí nínú ọ̀pọ̀ bébà iṣẹ́ ọnà mọ́. Aṣọ ayé òde òní ní ọ̀rá, rọ́bà àti aró nínú, kò sì rọrùn láti yọ wọ́n kúrò. Ohun tí wọ́n ń lò ni okùn kúkúrú tí ó máa ń ṣẹ́kù sára kóró òwú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ òwú gígùn fún aláṣọ. Kí wọ́n tó fún òróró lára kóró náà, wọ́n á há okùn kúkúrú yìí kúrò, wọ́n á sè é, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì tà á fún àwọn oníbébà ní abala nínípọn. Ohun tí kò wúlò fún ahunṣọ ni ó di olórí ohun èlò wọn.

Omi ni èkejì. Omi tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń fi àmì pupa sí bébà lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nítorí náà, ibi tí omi mímọ́ wà ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí dúró sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí wọ́n bá sì lò ó tán, òfin Yúróòpù fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ ọ́ di mímọ́ kí wọ́n tó dà á padà sínú odò, owó kékeré kọ́ sì ni èyí ń ná wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà ṣe bébà náà. Èkínní ni ti ọwọ́, tí wọ́n ṣì ń fi han àlejò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bébà tó wà ní Fabriano. Òṣìṣẹ́ kan á ti asẹ́ oníwáyà bọ inú ògì òwú, á gbé e sókè, á sì mì í kí okùn lè dì mọ́ra. Èkejì á dojú asẹ́ náà dé orí aṣọ nínípọn tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe. Ẹ̀kẹta á ṣí bébà kúrò lára aṣọ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fún omi inú rẹ̀ dànù. Wọ́n á wá sá a sórí okùn ní òkè àjà. Bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ ni owó rẹ̀ ṣe ga tó.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ onígbá yíyí. John Dickinson gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1809. Àgbá roboto kan ni, tí wọ́n fi wáyà wíwun bò lára. Àgbá náà ń yí díẹ̀díẹ̀ nínú ògì òwú. Bí omi ti ń wọ inú rẹ̀ lọ ni okùn òwú ń lẹ̀ mọ́ ara wáyà. Nítorí pé kì í sáré, okùn òwú kò dojú kọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Bébà tí ó bá jáde níbẹ̀ kì í ká kò bí omi bá kàn án, etí rẹ̀ sì rí wúruwùru bí ti bébà ọwọ́. Irú ẹ̀rọ yìí ni Fabriano àti Arches fi ń ṣe bébà wọn tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ̀rọ ńlá tí ń sáré, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bébà akẹ́kọ̀ọ́ tí owó rẹ̀ kò ga.

Wọ́n á fi lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ sínú ògì náà kí ó lè máa pa agbára ásíìdì tí ó bá ti inú afẹ́fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù. Níhìn-ín ni àbùkù ti máa ń fara pamọ́ jù lọ. Bí gọ́ọ̀mù kò bá dé ibì kan lára bébà, ojú lásán kò lè rí i. Àfi ìgbà tí ayàwòrán bá fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án, tí ọ̀dà sì wọlé ṣinrin bí ìgbà tí epo bá kán sí aṣọ. Nígbà yẹn, bébà ti bàjẹ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́, oníbàárà sì lè má padà wá mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń dán bébà wò léraléra kí wọ́n tó kó o lọ sọ́jà.

Ibi tí owó ti ń wọlé, àti ibi tí ó ti ń jò

Òwò yìí kò tóbi. Bí wọ́n bá fi í wé òwò bébà páálí, ẹ̀kán omi nínú òkun ni. Àwọn olówó ńlá sì ti ń ra àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ wọ̀nyí jọ. Ní ọdún 2002, Fedrigoni, ilé iṣẹ́ bébà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Verona ní ọdún 1888, ra Fabriano. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ F.I.L.A. ti Ítálì, tí ó ti ra Canson ti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2016, tún ra Arches. Ní ti Hahnemühle, ọ̀nà mìíràn ni ó là: láti àwọn ọdún 1990, ó ń fi òwú ṣe bébà tí ènìyàn lè kì sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà, àwọn ayàwòrán fọ́tò sì di oníbàárà rẹ̀.

Bébà olóókọ ńlá nìkan kò lè bọ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ta ìwé ìyàwòrán fún ọmọ ilé ìwé pẹ̀lú orúkọ kan náà. Fabriano tilẹ̀ ti ń ṣe bébà ọ́fíìsì rí, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ní ìparí ọdún 2024, Fedrigoni kéde pé òun yóò fi bébà ọ́fíìsì sílẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn kò tẹ ìwé ní ọ́fíìsì bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ìkéde náà kan òṣìṣẹ́ tó lé ní 150 ní agbègbè náà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn, inú àwọn ará ìlú sì bàjẹ́, nítorí ìlú tí ń jẹun lára bébà láti nǹkan bí ọdún 760 ni.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò farasin. Bébà tí ó yá, tí ó pọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè ṣe, ni kọ̀ǹpútà lé kúrò lọ́jà. Bébà tí ń falẹ̀, tí ó gba òwú, gọ́ọ̀mù àti sùúrù, ni ilé iṣẹ́ náà sọ pé òun kò ní fi sílẹ̀. Àwọn àgbà Yorùbá ní ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í gba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Kò lè rọ́pò gbogbo iṣẹ́ tí ó lọ.

Ohun tó kan ayàwòrán nílẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwọn oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà. Ní àwọn ọdún 1960, Ru van Rossem, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn àti Òṣogbo ní bí wọ́n ṣe ń tẹ àwòrán láti ara irin. Bruce Onobrakpeya, tí ilé iṣẹ́ ọnà rẹ̀ wà ní Mushin ní Èkó, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ. Òun kan náà ni ó ya àwòrán inú ìwé tí Wọlé Ṣóyínká fi túmọ̀ ìtàn Ògbójú Ọdẹ ti D. O. Fágúnwà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó jáde ní ọdún 1968. Onobrakpeya gbé irú ìtẹ̀wé kan kalẹ̀ tí ojú àwòrán rẹ̀ jin kòtò, tí ó sì yọ gọngọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bébà nínípọn tí wọ́n lè rẹ sínú omi, kí ó rọ̀, kí ó sì wọ gbogbo kòtò inú irin láìya. Bébà ọ́fíìsì kò lè ṣe é.

Òkè òkun ni irú bébà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì fi ń rà á. Bí náírà bá ti ń wálẹ̀ ni iye rẹ̀ ń lọ sókè. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayàwòrán á wá lo ohun tí ọwọ́ wọn tó. Wọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra iṣẹ́ wọn lónìí lè rí i pé ó ti pọ́n kí ọmọ rẹ̀ tó jogún rẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbìyànjú rí láti ṣe bébà nílẹ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ bébà tó wà ní Ìwopín, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, bébà ìkọ̀wé àti ti ìtẹ̀wé sì ni wọ́n ní lọ́kàn láti máa ṣe níbẹ̀. Wọ́n gbin igi mẹ̀línà sínú igbó ọba Ọmọ̀ nítorí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ dé ibi tí wọ́n fojú sùn, ìjọba sì tà á fún aládàáni ní àwọn ọdún 2000. Bí ó bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, bébà igi ni ì bá máa ṣe, kì í ṣe ti òwú. Ṣùgbọ́n ìtàn Fabriano fi hàn pé ìdí mìíràn wà fún ìrètí. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ arabaríbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Odò kékeré, àkísà, àjákù awọ àti àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn ni.

Bí oníbàárà ṣe lè dá bébà rere mọ̀

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra bébà fún iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ó pẹ́ ní ohun díẹ̀ láti wò. Kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìdì rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé òwú ni ní ìdá ọgọ́rùn-ún, èyí dára. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n kàn kọ ọ́ pé kò ní ásíìdì, ó lè jẹ́ igi tí wọ́n ti fọ lignin rẹ̀ kúrò. Èyí kò burú fún ìdánrawò, ṣùgbọ́n kò yi bí ti òwú. Bí ó bá rí ISO 9706, òṣùwọ̀n àgbáyé fún bébà tí ń pẹ́ ni, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1994.

Kí ó tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá gé bébà ọ́fíìsì ní mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, gíráàmù 80 ni ó sábà máa ń wọ̀n. Bébà ọ̀dà olómi tí àwọn ayàwòrán fẹ́ràn ń wọ̀n gíráàmù 300, kì í sì í tètè wú bí omi bá kàn án. Ojú rẹ̀ náà kò dọ́gba. Èyí tí ó dán dára fún ìlà tín-ín-rín, èyí tí ó rí ṣákaṣàka dára fún ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ kí ó fọ́n ká, èyí tó wà láàárín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà.

Ní ìparí, kí ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rí orúkọ tàbí àwòrán kan tí ó farapamọ́ sínú rẹ̀, irú àmì tí àwọn ará Fabriano bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà rán mọ́ asẹ́ wọn ní nǹkan bí ọdún 700 sẹ́yìn ni. Ohun kan náà ni ó ń sọ títí di òní: ẹni tí ó ṣe bébà yìí kò tijú láti fi orúkọ rẹ̀ sí i.